Ta Ló Tọ́ sí Àga GM Sunshine Stars?

Ní Àkúrẹ́, bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Sunshine Stars bá fìdí rẹmi lọ́jọ́ Àìkú, kóòṣì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bú. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀rọ̀ kóòṣì ti tutù, ó ti kan GM, ìyẹn ọ̀gá tó ń ṣàkóso ẹgbẹ́. Ta ló gbé e síbẹ̀? Kí ló dé tí wọn ò tíì yọ ọ́? Bí wọ́n bá wá yọ ọ́, ta ni wọ́n fẹ́ fi síbẹ̀? Ìbéèrè kẹta yìí ló máa ń dùn jù lẹ́nu àwọn èèyàn, nítorí kò sẹ́ni tí kò ní ẹni tirẹ̀ lọ́kàn.

Ẹ dé ìdí àtẹ ìwé ìròyìn lójú ọ̀nà Ọba Adésídà láàárọ̀, ẹ ó bá wọn níbẹ̀. Àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ ni mò ń wí, àwọn tí wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, tí wọ́n na ọrùn, tí ẹni tó ń tà á sì ń fojú ṣọ́ wọn kí wọ́n má baà ṣí ojú ewé kejì. Ẹnì kan á ní ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí ni kí wọ́n fún, ẹni tí àpá bọ́ọ̀lù wà lójúgun rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń buwọ́ lùwé ni? Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá oníṣòwò, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa owó." Bàbá kan tó wọkọ̀ láti Oǹdó wá nítorí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ á wá fi tirẹ̀ lé e: "Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, orúkọ ìlú wa lẹ fi ń pe ìpínlẹ̀, ẹ̀yin lẹ gba olú-ìlú, ẹ̀yin náà lẹ gba pápá. Ó kéré tán, ẹ fi GM sílẹ̀ fún wa." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn kò dé inú bàbá náà o. Ohun tó sọ ló ń bẹ lọ́kàn rẹ̀.

Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ẹkùn ìdìbò sẹ́nétọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà. Ẹni tó bá rò pé ìyẹn á pẹ̀tù sí ìjà wọn kò tíì gbé àárín wọn rí. Bẹ́ẹ̀ ni wọn ò tíì kan ará Ọ̀wọ̀ àti Àkókó tí wọ́n ní ìhà àríwá làwọn, wọn ò sì tíì dé Ìlàjẹ àti Òkìtìpupa. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni Sunshine Stars, òun náà ló ni Sunshine Queens ti àwọn obìnrin. Àjọ kan tí ìjọba dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló ń bójú tó wọn, gómìnà ló sì ń yan ẹni tó máa darí àjọ náà. Ipò tí gómìnà bá ti ń fi èèyàn sí, bí wọ́n ṣe ń pín kọmíṣọ́nnà ni wọ́n á ṣe fẹ́ pín in: ìlú wo ló tíì jẹ, ìlú wo ni kò tíì jẹ, ta ló ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ nígbà ìdìbò.

Àwọn tó ń jà yìí ní ìdí tó ń dùn wọ́n, ojú wọn ti rí ìgbà tó dára. Ní 2011, Dolphins ti Port Harcourt nìkan ló ṣíwájú Sunshine Stars nínú líìgì Nàìjíríà. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú ìdíje Confederation Cup ilẹ̀ Áfíríkà kí Club Africain ti Túnísíà tó dá wọn dúró. Ní 2012, wọ́n tún dé irú ìpele yẹn nínú Champions League, tí í ṣe bàbá ìdíje gbogbo. Al Ahly ti Íjíbítì ni wọ́n bá pàdé. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti gba àkọ́kọ́ rẹ̀, torí pápá Àkúrẹ́ kò tó èyí tí CAF, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà, ń fẹ́. Ará Àkúrẹ́ ń gba ọkọ̀ lọ wo ẹgbẹ́ Àkúrẹ́ nílé onílé! Ó parí sí ọ̀mì, 3-3. Ní Cairo, ẹyọ góòlù kan péré ló lé wọn jáde, Al Ahly sì gba ife náà lọ. Gbenga Ogunbote ni kóòṣì wọn. Balógun wọn, Godfrey Oboabona, ọmọ tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́, wà lára Super Eagles tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Gúúsù Áfíríkà ní Fẹ́búárì 2013. Lọ́dún yẹn náà ló lọ sí Rizespor ní Tọ́kì.

Ẹgbẹ́ yẹn ni àwọn èèyàn ṣì ń wá títí di òní. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló gbé e lọ, orúkọ ọ̀gá kan ni wọ́n á dá lẹ́bi, ẹni tó bá jókòó tì wọ́n á sì dárúkọ òmíràn. Èmi ò rò pé orúkọ ló wà ńdìí ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ GM máa ń pẹ́ kó tó jinná, àwa sì ń kó ìkòkò kúrò lórí iná kó tó hó, a wá ń bá ẹni tó ń dáná jà pé kò mọ oúnjẹ ẹ́ sè.

Ẹ jẹ́ kí n gba ibi tí wọ́n ti sọ iṣẹ́ yìí di ohun tí gbogbo ayé ń wò, ìyẹn ìdí básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, NBA. Kò sí ẹgbẹ́ irú ẹ̀ l'Ákùúrẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń fò láti ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ní yunifásítì FUTA mọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ NBA ju orúkọ àwọn kọmíṣọ́nnà wa lọ. Níbẹ̀, GM kì í kọ́ ẹnikẹ́ni ní bọ́ọ̀lù. Òun ló ń yan ẹni tó máa gbá a, òun ló ń gba kóòṣì síṣẹ́ tó sì ń dá a dúró, òun náà ló ń bá GM ẹgbẹ́ mìíràn dúnàádúrà. Ibẹ̀ kò dà bíi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ti ń fowó ra èèyàn. Pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ń ṣe, èèyàn fún èèyàn, tàbí èèyàn fún ẹ̀tọ́ láti mú ọmọ tuntun lọ́dún tó ń bọ̀.

Masai Ujiri, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà sí Zaria, di GM Toronto Raptors ní Kánádà ní 2013. Kí ó tó dépò kankan, ó ti ń bá Orlando wá ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá kiri láìgba kọ́bọ̀. Ọ̀kan lára ohun tó kọ́kọ́ ṣe ní Toronto ni pé ó kó Andrea Bargnani, tí àwọn ará ìlú náà ti ń ṣépè fún, lọ bá New York. Lára ohun tí New York fi dí i ni ẹ̀tọ́ kan báyìí: pé bó bá di 2016, Toronto yóò mú ọmọ tuntun kan ní ipò tó yẹ kí New York ti mú. Ìwé lásán ni lójú gbogbo èèyàn. Ta ló ń jó nítorí ìwé ọdún mẹ́ta sí i?

Nígbà tí 2016 pé, ìwé yẹn ni wọ́n fi mú Jakob Poeltl, ọmọ Austria kan tó ga fíofío. Ní 2018, Ujiri fi Poeltl kún DeMar DeRozan, ẹni tí Toronto fẹ́ràn bí ọmọ inú ilé, ó fi wọ́n gba Kawhi Leonard àti Danny Green lọ́wọ́ San Antonio. Ọdún yẹn náà ló lé kóòṣì rẹ̀, Dwane Casey, lọ, bẹ́ẹ̀ Casey ni wọ́n fún lóyè kóòṣì tó dára jù lọ́dún náà! Wọ́n bú Ujiri débi pé èèyàn á rò pé ó jalè. Ní Júùnù 2019, Raptors na Golden State Warriors, wọ́n gba ife NBA fún ìgbà àkọ́kọ́. Láti ìgbà tí Bargnani ti kúrò títí di ọjọ́ tí wọ́n gbé ife yẹn sókè, ọdún mẹ́fà ni. Okùn kan ṣoṣo ló so ó pọ̀, ẹnì kan náà ló sì di okùn náà mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé wọn kì í yọ èèyàn ní ọ̀dọ̀ tiwọn. Ní Júùnù 2025, lẹ́yìn ọdún 12, Toronto yọ Ujiri fúnra rẹ̀, tó ti di ààrẹ ẹgbẹ́ nígbà náà. Àríyànjiyàn lórí ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀ gba ìlú kan. Ṣùgbọ́n Bobby Webster, tó ti ń ṣe GM lábẹ́ rẹ̀ láti 2017, kò kúrò lórí àga tirẹ̀. Fáìlì kò sọnù. Ẹni tó mọ ìdí tí wọ́n fi ra èyí tí wọ́n rà, tí wọ́n fi ta èyí tí wọ́n tà, ṣì wà nínú ilé.

Ti Dallas tún yàtọ̀, ó sì kan àwọn tó ń wí pé ẹni tó bá ti mọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ló yẹ ipò. Nico Harrison mọ̀ wọ́n. Iléeṣẹ́ Nike ló ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun àti àwọn gbajúmọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń mu. Ẹgbẹ́ Mavericks gbé e wá ní 2021, wọ́n sì dé àṣekágbá NBA ní 2024. Ní Fẹ́búárì 2025, ó gbé Luka Dončić, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 26, fún Lakers, ó gba Anthony Davis tó ti lé ní 30. Àwọn ará Dallas fọ́n síta. Nínú pápá, wọ́n ń ké pé kí wọ́n lé Nico lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Nọ̀fẹ́ḿbà 2025, wọ́n lé e lóòótọ́, wọ́n ní kí Matt Riccardi àti Michael Finley máa bá wọn fìdí hẹ ibẹ̀ ná.

Ohun tó wú mi lórí nínú ti Dallas ni pé ẹjọ́ wà tí wọ́n lè pè é. Gbogbo èèyàn mọ ohun tó ṣe, ọjọ́ tó ṣe é àti ẹni tó fi sílẹ̀ lọ. L'Ákùúrẹ́ ńkọ́? Ẹjọ́ tí wọ́n sábà máa ń pe GM wa ni pé àwọn agbábọ́ọ̀lù kò tíì gbowó oṣù, pé owó ìbuwọ́lùwé (sign-on) kò tíì pé, pé àwọn ọmọ sùn sínú ọkọ̀ lọ́nà. Ẹjọ́ ńlá ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àpò kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù níbi tó jìnnà bíi Maiduguri, ojú ọ̀nà tó lé ní kìlómítà 1,000, owó epo, owó òtẹ́ẹ̀lì àti owó oúnjẹ, inú fáìlì ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Fáìlì náà á kúrò lọ́fíìsì rẹ̀, á gba iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí eré ìdárayá, á gun òkè lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí owó ní Alágbàká, ibùjókòó ìjọba, á tún padà sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹni tó yẹ kó buwọ́ lù ú bá rìnrìn àjò, fáìlì á dúró dè é. Líìgì kì í dúró de fáìlì. GM á wá máa yáwó kiri, á máa bẹ onílé epo. Bí ẹ gbé Ujiri síbẹ̀ lọ́la, onílé epo náà ló máa bẹ.

Ohun kan wà, ẹ̀wẹ̀, tí GM lè ṣe láìdúró de ẹnikẹ́ni ní Alágbàká, òun ni mo sì fẹ́ kí wọ́n máa bi gbogbo ẹni tó bá ń du ipò yìí léèrè. Ìwé àwọn ọmọ ni.

Òfin FIFA sọ pé bí ẹgbẹ́ kan bá ta agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà, kí wọ́n pín in fún gbogbo ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 títí dé 23. Fún ọdún kọ̀ọ̀kan láàárín 12 sí 15, ìdá 0.25 ni, láti 16 lọ sókè, ìdá 0.5 lọ́dún. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ká ní ọmọ kan gbá bọ́ọ̀lù fún Sunshine Stars láti ìgbà tó ti pé 16 títí tó fi pé 20, ọdún mẹ́rin nìyẹn. Bí ẹgbẹ́ kan ní Yúróòpù bá wá tà á fún òmíràn ní mílíọ̀nù 4 yúrò, ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún kan Àkúrẹ́: 80,000 yúrò. Bí wọ́n bá tún un tà, Àkúrẹ́ á tún gbà. Èyí yàtọ̀ sí owó ìtọ́jú tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ tó kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù gbà nígbà tó bá kọ́kọ́ di òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀lù lókè òkun. Láti Nọ̀fẹ́ḿbà 2022 ni FIFA ti dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tó ń ṣe ìpín owó yìí fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní láti máa bẹ ẹgbẹ́ òyìnbó kiri mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó bá wà lákọọ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pín owó lé lórí. Ọjọ́ wo ni ọmọ yìí forúkọ sílẹ̀? Ẹgbẹ́ wo ló ti wá? Ìgbà wo ló kúrò? Bí orúkọ tó wà nínú ìwé Àkúrẹ́ bá yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú páásìpọ́ọ̀tù rẹ̀, tàbí tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá jẹ́ méjì, owó á kọjá lójú wa báyìí. Bí ẹ bá rìn wọ Oǹdó ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá ilé ẹ̀kọ́, ti St. Joseph's àti ti Ondo Boys' High School tó ti wà láti 1919. Kóòṣì àdúgbò tó ń kọ́ wọn, orí ni ó kó gbogbo orúkọ wọn sí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lọ, gbogbo ọdún tó lò ní Oǹdó ti di ìtàn ẹnu, FIFA kì í sì í sanwó fún ìtàn ẹnu. GM tó bá fún àwọn kóòṣì bẹ́ẹ̀ ní ìwé ìforúkọsílẹ̀, tó bá wọn forúkọ ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù, tó sì mú akọ̀wé kan tó mọ TMS, ẹ̀rọ tí FIFA fi ń ṣàkọsílẹ̀ ìtà agbábọ́ọ̀lù, í lò, ó ti ṣe ju ẹni tó ra agbábọ́ọ̀lù 10 láàárín sáà kan lọ.

Èrè irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í dé lọ́dún tí wọ́n ṣe é. Ọmọ ọdún 14 tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lónìí, bí orí bá ṣe é, ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ ni kí owó rẹ̀ tó dé. GM tó mọ̀ pé gómìnà tuntun lè lé òun lọ́la, kí ni yóò ṣe ìwé ọmọ ọdún 14 fún? Agbábọ́ọ̀lù tó ti ní 30 ni yóò lọ rà, tó lè gbá góòlù méjì kí wọ́n má baà yọ òun nípò.

Àwọn kan á ní ọwọ́ ìjọba ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, pé kí wọ́n tà á fún olówó. Wọ́n á tọ́ka sí Remo Stars ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹgbẹ́ Kúnlé Ṣónámẹ̀, tó gba líìgì Nàìjíríà ní 2025. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n 2004 ni ẹgbẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ipò kejì ni wọ́n sì ṣe lọ́dún méjì tẹ̀ léra kí wọ́n tó gba ife, ẹnikẹ́ni ò sì tú ilé ká nítorí pé wọ́n ṣe ìkejì. Owó Sporting Lagos náà kì í ṣe ti ìjọba, 2022 ni wọ́n dá a sílẹ̀, 2024 wọ́n ti já wálẹ̀ láti líìgì ńlá. Ẹ tún wá wo Rivers Hoopers, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì Port Harcourt. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Rivers ló ni ín, gẹ́gẹ́ bí Oǹdó ṣe ni Sunshine Stars. Ogoh Odaudo ni kóòṣì wọn nígbà tí wọ́n lọ sí ìdíje BAL ilẹ̀ Áfíríkà ní 2021, òun náà ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe ipò kẹta ní 2024. Gómìnà yí padà láàárín rẹ̀, láti ọwọ́ Wike sí ọwọ́ Fubara, àwọn méjèèjì sì bára wọn jà kíkankíkan. Síbẹ̀ ìjà wọn kò lé kóòṣì lọ. Ìjọba lè ṣe é bó bá fẹ́.

Ta ni èmi máa fún, nígbà náà? Kì í ṣe àgbà agbábọ́ọ̀lù, bí mo tilẹ̀ bọ̀wọ̀ fún wọn. Ẹ fi wọ́n ṣe olùwá ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá, ibẹ̀ ni ojú wọn ti wúlò. Kì í ṣe oníṣòwò tó fẹ́ fi owó ara rẹ̀ gba orúkọ. Kì í ṣe ẹni tó ṣiṣẹ́ ìdìbò, kó jẹ́ ará Oǹdó ni o tàbí ará Àkúrẹ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni mo fẹ́, ẹni tó ti jókòó sídìí fáìlì bọ́ọ̀lù pẹ́, tó mọ òfin àdéhùn, tó mọ ọjọ́ tí fèrèsé ìràwọlé ń tì, tí ó sì lè fi ìwé hàn yín pé ọmọ tí òun forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rí ń gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun báyìí. Irú wọn wà. Wọn kì í ṣòro rí, wọn kàn ò ní pósítà ni.

Ẹni tó bá ní ìlú tirẹ̀ lọ́kàn lè bi mí pé ibo ni akọ̀wé yìí ti wá. Bó jẹ́ Kàbà ní Ìpínlẹ̀ Kogi ló ti wá, ẹ jẹ́ kó wá. Kí ará Oǹdó àti ará Àkúrẹ́ lọ máa jà sórí ìgbìmọ̀ tí yóò máa yẹ ìwé rẹ̀ wò lọ́dọọdún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lè wúlò, nítorí wọn ò ní gbà kí ọmọ ìlú kejì jẹun níbẹ̀.

Ohun tó kù ni àdéhùn rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni kí wọ́n fún un, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n á fi ṣèdájọ́ rẹ̀ sínú rẹ̀: ọmọ mélòó ló forúkọ wọn sílẹ̀, mélòó ló ti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ gòkè lọ sínú ẹgbẹ́ àgbà, èló ló wọlé láti ọwọ́ FIFA. Gómìnà Lucky Aiyedatiwa búra ní Fẹ́búárì 2025, sáà rẹ̀ yóò parí ní Fẹ́búárì 2029. Kí àdéhùn GM má ṣe parí lọ́jọ́ yẹn tàbí nítòsí rẹ̀. Kó jẹ́ pé àárín sáà gómìnà mìíràn ni yóò parí, nígbà tí gómìnà náà ti rí ohun tí ọkùnrin tàbí obìnrin náà lè ṣe, tí àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ìdìbò sì ti rí ipò mìíràn jẹ.